Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Kétu Kẹ̀yìn sí Síkírá

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu... ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ní orúnkún rí. Mo tiẹ̀ ní eyín. Nígbà náà, tí mo bá sáré láti ibí lọ sí Odòmẹ̀ta, ajá tó bá tẹ̀ lé mi, àárín ọ̀nà ló máa sùn sí. Á ní kí n máa lọ, pé òun ń bọ̀ lọ́la.

Kámílù, jókòó dáadáa. Ìwọ ni mo ń bá wí. Wọ́n ní ò ń wá ìwé lọ́dọ̀ dókítà, pé orúnkún ń dùn ọ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí o sáré nínú ìdánwò bákì, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orúnkún! Ìwọ tí o fo ògiri lánàá nítorí bọ́ọ̀lù! Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún yín. Orúnkún Síkírá, àbúrò mi, ìyá tó bí ìyá rẹ, Kámílù.

Ayé Rẹfolúsíọ̀n la wà nígbà náà, tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba. Gbogbo èèyàn ni kámárádì. Olùkọ́, kámárádì. Ṣọ́jà, kámárádì. Alápatà tó ń rẹ́ ọ jẹ, kámárádì. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, rédíò á ké pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Ìyá Onítìróò á ní, "Ta ló tún ń bá ta jà? Ẹ là wọ́n, jàre!"

Ìyá Onítìróò, òun ló bí bàbá wa. Kò sí ọjọ́ tí kì í lé tìróò. Bí ilé ń jó, á lé tìróò kó tó jáde. Òun ló tọ́ Síkírá dàgbà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èmi ti kúrò níléèwé. Mo kàwé dé sẹ́tífíkà, ìwé mẹ́fà, mo rí i pé ìwé ti ń kún orí mi jù, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Àgbàdo ni mo ń gbìn. Ṣùgbọ́n Síkírá ń bá a lọ. Ó dé tẹrìmínáàlì, kíláàsì tó kẹ́yìn pátápátá. Bàbá wa, tó ń ra aṣọ wá láti Nàìjíríà, pè é jókòó, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fún ọ. Tí o bá gba bákì, máa lọ sí ibi tó bá wù ọ́. Tí o ò bá gbà á, ìsọ̀ aṣọ ìyá rẹ wà ní Ìpọ̀bẹ́, lọ jókòó tì í."

Síkírá ò fẹ́ jókòó ti nǹkan kan. Ó ní olùkọ́ èspọ́ọ̀, olùkọ́ eré ìdárayá, lòun máa jẹ́, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ńláńlá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Obìnrin! Olùkọ́ èspọ́ọ̀! Ní Kétu! Àwọn kan ní, "Ṣé wọ́n máa ń fẹ́ irú yẹn sílé?" Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré bá a ná.

Nítorí ọmọ yẹn ń sáré! Ẹ mọ bí kànga wa ṣe jìn tẹ́lẹ̀? Tí o bá ju korobá sí i láàárọ̀, ọ̀sán lo máa gbọ́ "gbúù". Síkírá á pọnmi lọ, á pọnmi bọ̀, eré ni. Ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ fi máa ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Síkírá, dákun, dúró dè mí."

Kí wá ni wàhálà? Orúnkún ni. Ìyá Onítìróò ti kọ́ ọ pé tó bá rí àgbà, kó kúnlẹ̀. Kì í ṣe kó tẹ orúnkún díẹ̀ bíi tiyín yìí, bí ẹni tí kòkòrò ta nídìí. Kó kúnlẹ̀! Kí orúnkún kan ilẹ̀! Ó sì ti wọ inú ara rẹ̀. Tó bá ti rí ewú lórí èèyàn, orúnkún ti lọ.

Olùkọ́ èspọ́ọ̀ wọn, ará ọ̀nà Àgbómẹ̀ ni. Kámárádì Fèrè là ń pè é, nítorí fèrè ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ń fi jẹun ni. Ó ń mú Síkírá sáré lójú ọ̀nà Kpankú, òun wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan ru igi bọ̀. Gbì! Síkírá ti wà nílẹ̀.

"Ẹ kú oko o, ìyá."

"Óò, ọmọ mi. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, ìyá."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Ìyá Onítìróò ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tí kì í jẹun ńkọ́?"

Kámárádì ń fọn fèrè, fííí! "Kámárádì Síkírá! Dìde! Aago ń lọ!"

Ìyá onígi wò ó. "Ta lẹni tó ń fọn nǹkan sí mi létí?"

"Olùkọ́ mi ni, ìyá."

"Háà! Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Kí ni Kámárádì fẹ́ ṣe? Ó sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ń dáhùn. Kó tó dáhùn tán, oòrùn ti yí padà.

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, Kámárádì Fèrè wá sílé wa. Ó ní eré yẹn ní àkókò tirẹ̀. Tí Síkírá bá pẹ́ jù, òdo ni wọ́n máa fún un. Tó bá gba òdo nínú èspọ́ọ̀, kódà kó mọ ìwé yòókù bí ẹni tó kọ ọ́, bákì ti lọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá wa sọ fún un. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, kó má kúnlẹ̀."

Ìyá Onítìróò ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí kékeré tó máa ń fi lé tìróò. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kí n fi ẹnu tí mo fi kọ́ ọ sọ pé kó má ṣe é mọ́? Olùkọ́, ṣé wọ́n kúnlẹ̀ kí ẹ rí?"

"Rárá, ìyá."

"Ìyẹn ni o ò ṣe mọ bó ṣe dùn."

Síkírá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Mo ní kó fa orúnkún rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń fà á. Ilẹ̀ ni mo máa ń bá a." Ó ní òun ti ń rí ara òun ní Ìpọ̀bẹ́, tí òun ń ka aṣọ.

Ọjọ́ pé. Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa: ọjọ́ ọjà ni! Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì sì wà lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Gbogbo àgbà tó wà ní ilẹ̀ Kétu ló gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n rí àwọn ọmọbìnrin nínú kílọ́tì, ṣòkòtò péńpé, ta ló tún fẹ́ lọ sọ́jà? Wọ́n dúró yí pápá ká, ewú funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó sá òwú sóòrùn. Ìyá Onítìróò náà dé pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó wo kílọ́tì Síkírá, ó ní, "Ṣé aṣọ ò tó ni? Bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń tà á!"

Ọ̀gá jíírì, olórí àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, wá láti Kútọnu. Dígí dúdú lójú, aago lọ́wọ́, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọn fèrè.

Síkírá gbéra! Eruku pupa ò tíì mọ̀ pé ó ti lọ. Inú mi dùn, mo ń fò. Àfi bó ṣe dé igun pápá, ta ló jókòó síbẹ̀? Bàbá Lámídì, tó ń ta obì, ọ̀rẹ́ bàbá wa. Gbì!

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Bàbá ẹ ti dé láti ibodè Ìlárá?"

Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, ó rí ìyá mìíràn. Gbì! Ó dìde. Gbì! Ẹ gbọ́, ó dà bí ẹni tó ń gún iyán. Àwọn ọmọ yòókù ń kọjá lára rẹ̀. Ọmọ alápatà kọjá! Ọmọ alápatà tó jẹ́ pé tó bá ń rìn, ṣe lo máa rò pé ó ń sinmi! Nígbà tí wọ́n fi yípo kan, Síkírá ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ṣì ń kí èèyàn.

Mo sáré lọ bá Bàbá Lámídì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kẹ̀yìn sí i."

Ó ní, "Sí ta?"

"Sí Síkírá, bàbá. Kó má baà rí yín."

Ó bínú. "Kí n kẹ̀yìn sí ọmọ tó ń kí mi? Kí ló fi ṣe mí? Ṣé mo bá bàbá rẹ̀ jà ni?" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé ọmọ kí ọ, o sì fi ìpàkọ́ dá a lóhùn.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Onítìróò dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó wo Síkírá tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Lámídì."

"Màmá."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Kò sì ní lè fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí ojú wa. Ẹ jẹ́ ká kó ojú wa kúrò níbẹ̀."

Ó bá yí padà, ó kọjú sígbó. Ìyá Onítìróò! Ta ló tún máa jiyàn? Bàbá Lámídì kùn, ó yí padà. Ẹni tó tẹ̀ lé e yí padà. Ló bá ń lọ bẹ́ẹ̀ yí pápá ká, gèlè ń yí, fìlà ń yí, títí ó fi jẹ́ pé ìpàkọ́ nìkan ló kù. Ìpàkọ́ bí ẹgbàá! Ẹ wò ó, ẹ̀yin ò rí ìpàkọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Síkírá dé igun. Ó wo ọ̀tún, kò rí ojú kankan. Ó wo òsì, kò rí ojú kankan. Orúnkún rẹ̀ wárìrì díẹ̀... ó nà. Yéè! Mo ti ní kí n má sunkún.

Ọ̀gá jíírì bá yọ dígí dúdú. Ó pariwo ní Faransé pé kí lèyí? Kí ló dé tí àwọn ará ìlú fi ń kẹ̀yìn sí Rẹfolúsíọ̀n, níwájú àsíá? Kámárádì Fèrè ti ń làágùn, ó ti gbé fèrè mì tán. Láyé ìgbà yẹn, ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Faransé sẹ́tífíkà mi. Mo ní, "Kámárádì ọ̀gá, wọ́n ń ṣọ́ wa ni! Tí gbogbo wa bá ń wo eré, tí ọ̀tá bá gba inú igbó yọ ńkọ́? Àwọn àgbà ní kí àwọn máa ṣọ́ ẹ̀yìn fún Rẹfolúsíọ̀n."

Ó wò mí. Ó wo ìpàkọ́. Ó wo igbó. Ó ní, "Ó dáa gan-an." Ó tiẹ̀ ní kí akọ̀wé rẹ̀ náà kọjú sígbó díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fẹ́ mọ bí eré ṣe ń lọ. "Ibo ló dé? Ibo ló dé?" Èmi ni rédíò wọn.

"Ó ti kọjá ọmọ alápatà! Ó ti kọjá gbogbo wọn! Òun ló wà níwájú!"

Ìyá Onítìróò, tó kọjú sígbó, ní, "Irọ́ lò ń pa. Ó ku mẹ́ta níwájú rẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ni. Ó ku mẹ́ta.

Yípo kẹta ni Síkírá tó di ìjì. Ó kọjá ọ̀kan, ó kọjá èkejì. Ìkẹta, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan láti Kpankú, ó bá a lẹ́nu ìlà. Ta ló ṣáájú? Mo ní Síkírá ni. Jíírì ní àwọn méjèèjì ni. Kò ṣe nǹkan kan. Kámárádì Fèrè wo aago, ó fò mọ́ mi, ó ní àkókò ò tíì kọjá, ó kù díẹ̀ kó kọjá, ó kù bí ìgbà tí èèyàn ń sín!

Ìyá Onítìróò ò tíì yíjú. Ó ní, "Ó ti tán?"

"Ó ti tán, ìyá."

Nígbà tó yíjú, Síkírá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè mí, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Dìde, o ò rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́?" Síkírá ò dìde. Ó gbọ́dọ̀ kí àwọn tó kù. Ó yí gbogbo pápá po nígbà kẹrin, ó ń kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọ àwọn tó ti lọ dé inú ọjà. Bàbá Lámídì fún un ní obì, ó ní kó dákun má bínú pé òun kẹ̀yìn sí i.

Ó gba bákì. Ó lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ èspọ́ọ̀ ní Àjàṣẹ́, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó padà wá. Ó kọ́ àwọn ọmọ tẹrìmínáàlì títí irun fi funfun lórí òun náà. Ìsọ̀ Ìpọ̀bẹ́? Èmi ni mo lọ jókòó tì í. Ẹ má béèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ eré yẹn, mo bi Ìyá Onítìróò pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ó ku mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú ìdí ìró rẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Dígí tìróò.

Ayé ti yí. Lónìí, bàtà eré yín lẹ́wà, pápá yín tẹ́jú, àgbà lè jókòó sí igun gbogbo, ẹ ò ní rí i, fóònù lẹ máa wò. Ẹni tó lè sáré ń wá ìwé dókítà. Kámílù, fa ìwé yẹn ya. Lọ́jọ́ ìdánwò rẹ, màá wá. Màá dúró ní igun pápá, màá kẹ̀yìn sí ọ. Má kí mi. Sáré.

Tí bàbá rẹ bá sì ń wá dígí alùpùpù rẹ̀... má sọ ibi tó wà.