Ìlà Tí Hikmah Pa Rẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró. Bí mo bá dánu dúró, mi ò ní lè sọ òótọ́ yìí mọ́ láé."

Bí Hikmah ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀, nínú pálọ̀ Zakariyah ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Òun ló bẹ Alàgbà Olúmidé, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn, pé kí wọ́n bá òun wá. Òun náà ló lọ mú Rodiat, ìyá ọmọ tó kú. Zakariyah jókòó ti Fatihah ìyàwó rẹ̀. Ó ti rù, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wọn ní Ijagun, Zakariyah ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn fi ń ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọdé. Lókè ìṣirò kọ̀ọ̀kan, á kọ àlàyé ṣókí nípa ohun tó ń ṣe àti ohun tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún. Iṣẹ́ Hikmah ni láti sọ àlàyé náà di ojú-ìwé ìrànlọ́wọ́ tó gún régé, tí àwọn nọ́ọ̀sì á máa ṣí kà. Nínú irú ojú-ìwé yìí, bí àmì pásẹ́ǹtì bá wà lórí ìlà, kọ̀ǹpútà á gbé àmì náà àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e lórí ìlà náà pamọ́, àfi bí èèyàn bá fa igi kékeré kan síwájú àmì ọ̀hún.

"Mo mọ̀," ni Hikmah wí. "Kí n má purọ́ kún un. Bọ̀dá Zakariyah fúnra wọn ló kọ́ mi."

Ohun tí Zakariyah kọ ni pé: *Ẹ fún ọmọ ní gbogbo ìwọ̀n tó bá jáde, 100%, àyàfi bí kíndìnrín rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ìdajì ni kí ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.* Lọ́jọ́ náà, Hikmah ń kánjú lọ síbi ìdána ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Imushin. Kò fa igi, kò sì ṣí ojú-ìwé náà wò. Ohun tó jáde ni: *Ẹ fún ọmọ ní gbogbo ìwọ̀n tó bá jáde, 100.* Kíndìnrín Yasir, ọmọ Rodiat, ń ṣàìsàn. Odindi ìwọ̀n ni àwọn nọ́ọ̀sì fún un. Ó kú.

"Nígbà tí ìròyìn dé, mo ṣí ojú-ìwé náà, mo rí i pé ìyókù ìlà náà kò jáde. Èmi ọ̀dájú yìí, dípò kí n ké síta, mo ṣí àlàyé tí Bọ̀dá kọ, mo pa ohun tó wà lẹ́yìn 100 rẹ́ níbẹ̀ àti nínú ojú-ìwé tèmi, kó lè dà bíi pé wọn ò kọ ọ́ rí. Kò sí ẹ̀dà mìíràn."

"Lẹ́yìn tí ọmọ mi ti kú?" Rodiat bi í.

"Lẹ́yìn tó ti kú, mà. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì kù. Alàgbà pè wá. Bọ̀dá yíjú sí mi, wọ́n ní, 'Hikmah, ìwọ lo ṣe ojú-ìwé yẹn. Ṣé mi ò kọ ọ́?' Mo wo ojú wọn, mo ní, 'Mi ò rí i o, Bọ̀dá.'"

"Láìlàhà ilalláhù!" Fatihah figbe ta. Àṣé irọ́ yẹn ni ọkọ òun ti ń rù kiri! Wọ́n lé Zakariyah lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ń jà pé òun kọ ọ́, nígbà tó yá ó ń sọ fún Fatihah pé, "Bóyá mo kàn rò pé mo kọ ọ́ ni." Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún Rodiat pé kó foríji òun, Rodiat sì foríjì í. Ọjọ́ tí Hikmah gbọ́ èyí ló pinnu pé òun á jẹ́wọ́.

Zakariyah gbójú sókè. "Ṣé mo kọ ọ́?"

"Ẹ kọ ọ́, Bọ̀dá. Gbogbo ẹ̀ lẹ kọ."

Ó ṣí fìlà, ó fi bojú.

"Àwọn ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí," Alàgbà Olúmidé wí.

"Mo ti ṣetán, sà. Mi ò ní kí ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣáà foríjì mí. Mọ̀mí Yasir, ẹ jọ̀ọ́."

Rodiat dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Kí n tó lè foríji ọkùnrin yìí, mo sunkún, mo gbààwẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run títí. Gbogbo agbára mi ni mo fi ṣe é. Ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ni mo ná an lé lórí. Mi ò ní òmíràn, Hikmah."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.