Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Sọ̀ Kalẹ̀ Lókè Ìsándò

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí àpáta ṣì ń jẹ́ odi fún ènìyàn, Ọdẹ́dìran baba ńlá wa ń ṣe olórí àwọn ènìyàn díẹ̀ lókè Ìsándò. Ìgbòlú, ìlú ńlá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n wá máa sin àwọn. Wọ́n kọ̀. Ogun dé.

Ẹ má rò pé ogun erin àti èèrà kì í pẹ́. Ó pẹ́! Ìgbòlú kò lè gun òkè, àwa náà kò lè lé wọn lọ. Wọ́n ń dáná sun oko wa, à ń yí òkúta lù wọ́n. Ebi pa wá nínú ihò àpáta, ó pa wá títí àwọn ìyá fi ń sin ọmọ láìsunkún.

Ṣé àwọn ènìyàn wa kò wá àlàáfíà ni? Wọ́n wá a. Àgbà méjì sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀; Ìgbòlú tà wọ́n lẹ́rú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dárúkọ àlàáfíà, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́dìran dúró lórí àpáta, ó ké sí Jagunmólú, Balógun Ìgbòlú.

"Balógun, àwọn ọmọ tìrẹ náà ń kú. Kí ló dé tí o kò padà sílé?"

"Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, gbogbo ìlú tó ń sìn wá ni yóò dìde sí wa. Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o kò túúbá?"

"Bí a bá túúbá, ta ni yóò dì ọ́ mú lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà wá?"

Ìtìjú de ẹni ńlá lọ́wọ́, ẹ̀rù de ẹni kékeré lẹ́sẹ̀.

Ọdẹ́dìran ní, "Èmi ni kí o mú lọ. Wí fún wọn nílé pé o ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n kí àkọ́bí rẹ gòkè wá jókòó tì wá bí ìdógò títí ogun rẹ yóò fi sọdá odò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ogun ṣí. Wọ́n pa Ọdẹ́dìran lójú ọjà Ìgbòlú.

Nígbà tí ìròyìn dé òkè, kí ìyókù ogun náà tó sọdá odò tán, àwọn ènìyàn wa fa ọ̀bẹ yọ sí ọmọ Jagunmólú. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́dìran, dábùú ẹnu ihò. "Ẹni tó bá pa á, ikú ọkọ mi ló sọ di òfo." Òun fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé etí odò. Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú agbo ilé wa, bí ẹni méjì bá ń jà, a kì í kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. A ó bi alágbára pé, "Kí lo máa mú relé tí ojú kò fi ní tì ọ́?" A ó bi aláìlágbára pé, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Ìdáhùn a máa ṣòro fún wọn. A ó jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi lè sọ ọ́.