Àtẹ́wọ́ Àbúrò Mi Tí Mo Gbé Pamọ́

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Wọn ò sọ fún mi o. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó, mo wọ agbádá sányán mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Láti ọdún tó ṣáájú òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyà mi, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé àbúrò mi tún ránṣẹ́ láti òkè òkun lóṣù tó kọjá. Ó ní kí n sọ fún òun, kí ni òun ṣe.

Ìwé kejì ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà, ta ni oko kòkó rẹ̀ tó tèmi? Èmi ni mo ń ro oko Bàbá kí Ayọ̀, ọmọ ìyá mi, lè ráyè kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ òyìnbó ìjọ. Nígbà náà ó máa ń sọ pé, "Bùọ̀dá mi, lọ́jọ́ tí mo bá tẹ dùùrù fáwọn èèyàn ńlá, iwájú lẹ ó jókòó sí."

Ó lọ sí London, ó dé. Ó fẹ́ tẹ dùùrù nínú gbọ̀ngàn kan n'Ìbàdàn, ó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni wọ́n fi mí sí. Àwọn òyìnbó àtàwọn lọ́yà ló wà níwájú. Ayọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ kó dùn mí? Ó ṣì ń dùn mí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré bíi ti ẹni tí ìka rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jó. Kò sẹ́ni tó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, wọ́n kàn ń wúkọ́ ni. Mo ní ó ti tẹ́. Mo dìde, mo jáde. Mo ti dé títì kí n tó gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Ó ń dún bí òjò lórí páànù, kò sì dá bọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ ọ.

Mo délé, Ìyá wa ní, "Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fọ́mọ mi?"

Mo ní, "Ìyá, ojú mi ló ṣe. Ẹyọ kan ò dún."

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ra ewúrẹ́, wọ́n ti kun ilé, torí Ayọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìròyìn mi dé etí odò kíá. Àwọn obìnrin ń bi Ìyá pé, "Ìyá Ayọ̀, àwọn òyìnbó tí oorun gbé lọ nídìí dùùrù ọmọ yín, ṣé wọ́n ti jí?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà kan dá mi dúró ní Mọ́níyà, ó ń ju ìwé ìròyìn sókè. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kò tíì sí ọmọ ilẹ̀ wa tó tẹ dùùrù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró fún un. Tíṣà ní irú orin yẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sí, ìgbà tó bá parí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ mú un lọ fún Ìyá, ẹ̀gbọ́n olókìkí!"

Mo gbà á. Oko ni mo gbà lọ, mo fi dáná, mo fi sun iṣu. Èmi tí gbogbo abúlé ń bọ̀wọ̀ fún, ṣé kí n wá sọ pé irọ́ ni mo pa?

Ayọ̀ dé, kò bá ẹnì kan lójúde àfi èmi. Ìyá ti tilẹ̀kùn mọ́rí, ìtìjú ò jẹ́ kó yọjú. Ayọ̀ kanlẹ̀kùn títí, "Ìyá, èmi ni." Ó wá yíjú sí mi.

"Bùọ̀dá mi, kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Lọ bi àwọn òyìnbó rẹ."

Ó padà sínú takisí tó gbé e wá. Kò pẹ́ tó tún fi rékọjá sókè òkun, a ò sì rí i mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fèsì? Ó dalẹ̀ mi ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, n kò yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n èmi náà dalẹ̀ rẹ̀, tèmi sì burú ju tirẹ̀ lọ. Ohun tó lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí: ìyá kan, tó kú láì gbọ́ pé wọ́n dìde dúró fún ọmọ òun. Àbúrò kan, n kò ní òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ kan, tí n kò rí rí. Ọmọ mẹ́ta tó bí sọ́hùn-ún, n kò mọ orúkọ ọ̀kan.