Ìfọ̀ Ni Mo Gbé E Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ohun kan wà nínú mi tí ìyàwó mi ò mọ̀, tí ìyá mi náà ò mọ̀. Mo ti pinnu pé yóò bá mi wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ṣàdúrà fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Takisí ni mo ń wà ní Mowé. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni obìnrin náà wọ ọkọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìkìrun ló ti wá, ó pọn ọmọbìnrin kékeré kan sẹ́yìn. Múínátù lorúkọ ìyá ọmọ náà. Ó rò pé Èkó lòun ti dé. Mo sọ fún un pé Èkó ṣì kù níwájú, àmọ́ ibi tí a wà yìí náà ti fẹ́ẹ̀ di Èkó.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí àlejò ṣe ń rìn níbí. Mo ní kó má wọ ọkọ̀ tí kò bá sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Mo ní tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀nà, ẹni tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ni kó bi, kó má bi ẹni tó ń kọjá lọ. Kó má dúró lójú títì kó máa wòtún wòsì, kó ṣe bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Tó bá fẹ́ sọdá, orí afárá ni kó gbà, bó ti wù kó jìnnà tó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló ń wí. Ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ló mú fóònù rẹ̀ jáde. "Bọ̀dá, ọkọ mi ni mo ń wá. Iṣẹ́ táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ilé ló ń ṣe. Wọ́n ní wọ́n rí i lágbègbè ibí. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí."

Mo wo àwòrán náà. Gàní ni. Gàní tó ń gbé ní Ìbafò, ọkọ Ṣèrífá, àbúrò mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Gàní ti sọ fún gbogbo wa pé òun ò fẹ́yàwó rí. Ilé olórogún ni wọ́n ti bí wa, ojú ìyá wa sì rí màbo níbẹ̀. Láti kékeré ni Ṣèrífá ti ń sọ pé òun ò ní gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ já a sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹbí ti gbọ́, ó sì pẹ́ kó tó tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, oyún wà nínú rẹ̀.

Mo dá fóònù padà. Mo ní mo mọ ọkùnrin náà. Ojú Múínátù là. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti panu mọ́. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí Ìfọ̀ ni, pé ó ní ẹ̀gbẹ́ rélùwéè lòun ti ń ṣiṣẹ́.

Irọ́ ni. Ìbafò tí Gàní wà, a fẹ́ẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Mo yí mọ́tò padà, mo gba Ọ̀fàdà, mo fọwọ́ ara mi gbé e dé Ìfọ̀. Mo ra búrẹ́dì fún ọmọ rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, yóò rí i. Mo rò pé tó bá wá a tì, yóò padà sílé.

Mi ò sọ fún Gàní. Mi ò sọ fún Ṣèrífá. Wọ́n ti bímọ báyìí. Gàní ń tọ́jú àbúrò mi, "ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè mí. Tí mo bá lọ sílé wọn, mi kì í lè wojú rẹ̀ pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé èrò lọ sí Ìfọ̀. Mo ní kí n ra gàrí kí n tó padà. Obìnrin tó ń yan gàrí níbẹ̀ gbójú sókè, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ò rántí mi? Ẹ̀yin lẹ gbé mi wá síbí."

Kò padà sí Ìkìrun. Ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun sọ pé òun lòun lé ọmọ wọn sá. Ó ní nítorí pé mo sọ pé mo rí Gàní ní Ìfọ̀, òun ò lè kúrò níbẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yìn òun ni yóò dé. Àwọn ọkùnrin ti wá tọrọ rẹ̀, kò gbà. Ó ní ọlọ́kọ lòun.

Ó pe ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé ìwé dé. "Wá kí bọ̀dá yìí. Àwọn ló ṣàánú wa. Ọlọ́run yóò ṣàánú àwọn náà."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ojú Gàní ló gbé sórí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ mọ bàbá mi?"

Mo ní mo rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ ní òun ti wá gbogbo Ìfọ̀ tán. Ó ní tí wọ́n bá ti gba họlidé, àwọn méjèèjì yóò wá sọ́dọ̀ mi ní Mowé, kí n gbé wọn káàkiri Asẹsẹ àti Ìbafò, torí àwọn ò mọ ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Họlidé ti dé tán. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilé àbúrò mi lè tú. Tí mo bá dákẹ́, mo tún máa jókòó sídìí ọkọ̀, màá máa gbé ọmọ yẹn kiri láti wá bàbá tí mo mọ ilé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá ọmọ, tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ mi, ọ̀nà wo ni kí n gbà?