Òkú Kejì

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí àdúgbò Dadin Kowa ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Warri dé, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kànga epo.

"Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yín?"

"Ọ̀rọ̀ gáàsì olóró tó máa ń tú jáde látinú kànga ni, Mummy. Bó bá gbé ẹnìkejì wa ṣubú, a ò gbọdọ̀ sáré lọ gbé e láìkọ́kọ́ wọ ìbòmú. Wọ́n ní ẹni tó bá sáré lọ ló máa ń di òkú kejì."

"Haba! Kẹ́ ẹ wá máa wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Òkú kejì," ni ìyá náà rọra wí.

Ó tún ní, "Mi ò sọ èyí fún ẹ rí. Lọ́jọ́ tílé wa jó, bàbá ẹ ti jáde síta kó tó gbọ́ ẹkún ẹ nínú yàrá, ló bá sáré padà wọlé. Ojú fèrèsé ló ti nà ẹ́ sí mi. Òun ò jáde mọ́."