Ohun Tí Àfẹ́sọ́nà Mi Ṣe Lábà Ọdẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ohun tí mo lè sọ nílé wa ní Mushin. Wọ́n ti ń múra yìgì mi. Ìyá mi ti ra aṣọ lọ́jà Tẹ́júoṣó, àwọn ẹbí ti ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, gbogbo ẹni tó bá yà kí wa ló ń sọ pé orí ló bá mi yan ọkọ. Èmi tí wọ́n ń kí kú oríire, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Wàsíù, ṣe ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Wàsíù ni mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀rẹ́ Tájù, ẹ̀gbọ́n mi tí mo tẹ̀ lé gan-an, ni. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Wàsíù kàwé, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ó rí iṣẹ́ ìjọba, ó kó lọ sí Súrùlérè. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní tiẹ̀, òun ló sì máa ń tún ìjàpá Wàsíù ṣe, Volkswagen àlòkù kan tí kì í tètè ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Wọn ò fi ìwé kíkà ṣe ìyàtọ̀ láàárín ara wọn.

Ọdẹ ni bàbá wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, abà wọn nínú igbó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú ni wọ́n máa ń wà. Nígbà ìsinmi Iléyá tó kọjá, Wàsíù ní òun fẹ́ mọ abà náà, kóun sì fara han Bàbá dáadáa bí àna, torí Bàbá ò tíì fi gbogbo ara gbà fún wa. Àwa mẹ́ta la wọ ìjàpá. A ṣeré, a rẹ́rìn-ín títí a fi débẹ̀. Bàbá sun iṣu fún wa, a fi ẹran yíyan jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn ọkùnrin de àtùpà mọ́rí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ Bàbá títí kí wọ́n tó gbé ìbọn kan fún Wàsíù.

Bàbá ní, "Wàsíù, má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà bí mi ò bá sọ fún ẹ o. Igbó kì í ṣe Súrùlérè."

Wọ́n wọgbó lọ. Èmi dúró ti iná.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìbọn fi dún. Mo rò pé wọ́n ti rí ẹran ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá bọ̀, ni Wàsíù bá yọ. Kò gbé ìbọn, àtùpà ti já bọ́ lórí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù ẹ̀.

"Bọ́ sínú ọkọ̀," ó ní. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Wàsíù, ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ìbọn yìn lọ́wọ́ mi, ó bà á. Bàbá yín á pa mí. Jọ̀ọ́, wọlé."

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Ó ní, "Rárá. Ó ń pe orúkọ mi."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ó ṣáná sí i, ó yí i, ó kọjú ẹ̀ sọ́nà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ náà, iná ẹ̀ tàn sí mi lójú, mi ò rí Wàsíù mọ́. Mo ní bó bá máa lọ, kó gun orí mi kọjá. Ọkọ̀ sún. Ó tún sún, irin ẹ̀ kàn mí lórúnkún, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ iná fún un.

Ìgbà yẹn ni Bàbá já síta, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn wọn bí ọmọ ọwọ́, wọ́n ti fi aṣọ di itan ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ tó kọjú sọ́nà, ṣe ni wọ́n ń súre: "Ọlọ́run a bù kún ẹ, Wàsíù. O ti sáré wá gbé ọkọ̀ dúró dè wá."

Kò sáyè àlàyé. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń kán sílẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi, Wàsíù sì wa ọkọ̀ ní eré àsápajúdé débi tí dókítà wà. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú là bá gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n mi yè, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó ti dárí ìbọn jì í, ó ní àṣìṣe lọmọ aráyé. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ìgbà ìpọ́njú là á mọ̀rẹ́, pé bí kì í bá ṣe Wàsíù tó sáré lọ gbé ọkọ̀, wọn ì bá ti gbàgbé òun. Bàbá fúnra wọn ní àwọn ti fún un lọ́mọ. Wàsíù á jókòó, á dorí kodò, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo bi í léèrè. Ó sunkún. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣé ìṣẹ́jú kan yẹn lo máa fi díwọ̀n gbogbo ayé mi?" Ká sòótọ́, òun náà ló ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù Ìdí-Àràbà fún ìtọ́jú, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí. Mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi tó ti pàdánù ẹsẹ̀ á tún pàdánù ọ̀rẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa sùn ti ọkùnrin yìí? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ má kàn ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ bá mi wò ó: bí Bàbá ò bá tètè jáde nínú igbó lóru ọjọ́ yẹn, ṣé Wàsíù ì bá dá ọkọ̀ yẹn dúró, àbí orí mi ni ì bá gùn kọjá?