Ajá Waheedat Kì í Ṣe Dìgbòlugi

Kí ẹ̀rù tó tún dì mí lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ajá tí wọ́n pa lágbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn, tí àdúgbò ń pè ní dìgbòlugi títí dòní, orí rẹ̀ kò yí. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Èmi Mùyìbátù, aya Samsudeen ahunṣọ, ni mo mọ̀, mo sì panu mọ́ títí ọkọ mi fi kú, títí ọmọ inú ilé wa fi dàgbà tó bí ọmọ tirẹ̀. N kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, ẹ bá mi mú sùúrù. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ń wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo wọlé Samsudeen, Àwáwù ìyàwó rẹ̀ àkọ́fẹ́ ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Waheedat. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ni. Èmi kò bímọ rí. Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé mi. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọmọ yìí, mo ní Ọlọ́run ló ti fún mi. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń dirun fún un, mo ń yọ egungun inú ẹja kúrò kí n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. “Ẹ ṣé, Àǹtí,” ló máa ń wí. Àǹtí! Bí ẹni tó wá kí wọn tó máa tó padà lọ. Mo ń retí ọjọ́ tí yóò pè mí ní Màmá, ọjọ́ náà kò dé. Bí mo bá jókòó tì í, á dákẹ́, á kàn máa wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Ìlerò. Bó ṣe ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, ó rí àpò sìmẹ́ǹtì kan létí ọ̀nà tó ń mì. Ẹnì kan ti da àwọn ọmọ ajá sínú rẹ̀, ó sì so ẹnu rẹ̀ pa. Ẹyọ kan ló kù láàyè. Ọkọ mi fi fìlà rẹ̀ wé e, ó gbé e wálé. Mo ní, “Baba Waheedat, ilé Mùsùlùmí rèé o. Bó bá lá omi àlùwàlá wa ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ìta ni yóò máa gbé. Àwa náà á máa gbé búta wa sókè. Ẹ̀mí ni, Mùyìbátù. Ta ni kí n jù ú sílẹ̀ fún?” Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Waheedat ti gba ajá náà mọ́ àyà. “Bàbá, èmi ni màá sọ ọ́ lórúkọ! Bámigbé ló ń jẹ́.” Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń bínú sí aládùúgbò kì í bú u. Á pe ajá rẹ̀ ní Kílẹ̀ńwí, á sì máa ké e kíkankíkan lójúde. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá ló mọ̀. Nítorí náà, Bámigbé gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Mo ní, ṣé kò rí ẹni bá a gbé nínú ilé yìí ni? Èmi tí mo ń wẹ̀ ẹ́ ńkọ́, ṣé igi ni mí? Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ ni èmi àgbà fẹ̀sùn òwe kàn. Ẹ ò rí òmùgọ̀?

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òfì mọ̀ pé òwú tí a ta máa ń gùn jìnnà lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni pákó kan wà tí a gbé òkúta lé kí òwú lè le. Bí ahunṣọ ti ń hun, tó ń ká aṣọ sọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pákó náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí pákó yìí ni Bámigbé sọ di ibùsùn. Á sùn síbẹ̀ láàárọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá máa fi di àsárì, á ti wọ́ súnmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi láìmọ̀. Ọkọ mi á ní, “Àlejò ti dé o! Ẹ gbé omi wá fún un!” Waheedat á rẹ́rìn-ín títí á fi dùbúlẹ̀. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ń ká òwú, ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ohun tó tún ń dùn mí jù ni pé ọmọ náà máa ń gbẹ́nu sí ajá létí, á máa sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí mo bá súnmọ́ wọn, á dákẹ́. Mo ní èmi ni wọ́n ń sọ.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Àrínọlá, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta òwú lójúde. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mùyìbá, ajá lorogún rẹ! Àwáwù kú tán, ajá wọlé rọ́pò ẹ̀.” Mo ní kó má fi mí ṣẹ̀sín. Ló bá fà mí súnmọ́ra. “Bó o bá lé e, ọmọ á sunkún, ọkọ rẹ á wá a kiri títí á fi rí i. Ṣùgbọ́n ṣé o ti rí ẹni tó ń bi dìgbòlugi léèrè tẹnu ẹ̀ rí?” Ó wá sọ ohun tí mo máa fi sí i lẹ́nu àti ohun tí mo máa fi sí i nímú. Kí n má tì í sí Àrínọlá lọ́rùn o. Ẹnu ló ní. Ọwọ́ tó ṣe é, tèmi ni.

Ọ̀sán ni. Waheedat wà nílé kéwú. Ọkọ mi wà nídìí òfì, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo po ọṣẹ dúdú nínú igbá títí ó fi hó funfun, mo bu ata gígún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo pe ajá náà. Láti ọjọ́ tó ti dé, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. “Bámigbé,” mo ní, “Bámigbé, máa bọ̀.” Ẹ̀yin èèyàn, ó sáré wá. Ó ń ju ìrù débi pé gbogbo ìdí rẹ̀ ń mì. Ó rò pé mo ti gbà á sílé lónìí. Ó lá ọwọ́ mi. Mo sì... ẹ dúró ná. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Mo fi orúnkún há a mọ́ ògiri. Mo ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo fi ata pa á nímú. Kò gé mi jẹ. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè gé mi jẹ, kò ṣe é. Ó kàn ń wò mí ni. Mo jù ú sílẹ̀, mo figbe ta: “Dìgbòlugi! Dìgbòlugi o! Ẹ gbà wá!”

Ajá ń sáré kiri, ó ń forí gbá ògiri, ìfófòó ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó já òwú ọkọ mi kọjá. Àwọn obìnrin gbé ọmọ wọn sá wọlé. Ògúndìran ọdẹ, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, mú kùmọ̀ jáde. Àsìkò yẹn gan-an ni Waheedat ti ilé kéwú dé, wàláà rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Ajá rí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ló sá lọ. Ó fò mọ́ ọn, èékánná rẹ̀ sì ya ọmọ náà lápá. Gbogbo wọn ké, “Ó ti bù ú jẹ!” Ògúndìran là á mọ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Waheedat kò sunkún. Ohun tó ń sọ ni pé, “Bàbá ọdẹ, Bámigbé ni. Bámigbé ni,” bí ẹni pé wọ́n ṣì í mú. Ògúndìran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹnu ajá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. “Ìyàwó,” ó ní, “lọ fọ ọwọ́ rẹ.” Àwọn tó kù rò pé nítorí àrùn ló ṣe wí bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ohun tó rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, ṣùgbọ́n n kò gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá mọ́.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ọkọ mi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “Ta ló rí ajá náà tó ń hó lẹ́nu?” Ọkọ mi yíjú sí mi. Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi. Bí mo bá ní ọṣẹ ni, ọmọ á bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Mo ní, “Èmi ni mo rí i, Nọ́ọ̀sì. Ó ń hó yeeye.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. A lọ, a bọ̀, a tún lọ. Èmi ni mo ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń ké, “Ẹ má fi mí sílẹ̀, ẹ má fi mí sílẹ̀!” Inú mi sì dùn. Mo ti kọ ọ́, n kò ní pa á rẹ́: inú mi dùn. Nígbà tó padà sílé kéwú, àwọn ọmọdé ń sá fún un, wọ́n ń pariwo, “Ọmọ dìgbòlugi, má bù wá jẹ o!” Kò ní ẹlòmíràn mọ́ àfi èmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbórí lé itan mi, ó ní, “Màmá.” Ó ní, “Ṣé kò bí yín nínú? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ máa pè yín bẹ́ẹ̀. Bámigbé ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo máa ń sọ ọ́ sí i létí kí ó lè mọ́ mi lẹ́nu, torí mo rò pé ẹ ò ní fẹ́.” Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ pa ajá nìyẹn o.

Bí mo ṣe di Màmá nìyẹn. Samsudeen náà, nígbà tí ikú ń mú un lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Èmi ni mo gbé ewu wọlé, ìwọ lo gba ọmọ mi là.” Mo ní, “Ẹ sinmi, Baba Waheedat.” Èmi náà nìyẹn. Waheedat dàgbà, ó lọ ilé ọkọ ní Ṣakí. Kò jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ajá kọjá. Bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà ló máa yà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ọkọ rẹ̀, Ọláyanjú, rí ọmọ ajá kan tí ọ̀kadà gbá sínú gọ́tà, ó gbé e wálé, Àdìjátù ọmọ wọn kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. “Màmá, ẹ máa bọ̀,” ó ní. “Wọn ò gbà mí gbọ́. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ fojú yín rí.” Nígbà tí mo dé, ọmọ ajá náà wà nínú páálí, wọ́n ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Waheedat ti ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń ra ajá fún jíjẹ. Ó dúró lẹ́nu géètì tòun ti àpò rẹ̀. Waheedat fúnra rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, kò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọláyanjú ní, “Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ajá yìí ò ṣe nǹkan kan.” Àdìjátù di páálí mú: “Ìyá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé ajá yín ya wèrè?” Alájàá ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ tètè pinnu, Hájíà. Egungun lásán tiẹ̀ ni, mo kàn fẹ́ bá yín gbé e ni.” Waheedat ní, “Màmá, ẹ sọ fún wọn.” Mo yanu láti purọ́. Kí n má tàn yín, irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Waheedat lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rù tí mo gbìn sínú rẹ̀ ti hù, ó ti so èso, ó sì fẹ́ tún pa ẹ̀mí mìíràn. Mo ní, “Waheedat, Bámigbé kò ya wèrè. Èmi ni mo fi ọṣẹ sí i lẹ́nu.”

Ó ní, “Ọṣẹ wo?” Mo ní, “Ọṣẹ dúdú. Èyí tí mo fi ń wẹ̀ ọ́.” Ó ní, “Àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?” Mo ní, “Mo mọ̀ pé o ò nílò wọn.” Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí alájàá máa lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Kò fọwọ́ kan ajá náà, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ìgbà náà ló wá wojú mi. “Ẹ máa lọ sílé yín,” ó ní, “ìyàwó bàbá mi.”

Mo ti padà sí Ìsẹ́yìn. Fóònù mi kò tíì dún láti Ṣakí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ wọlé bá ọmọ tí ẹ kò bí, ẹ má kánjú. Ìfẹ́ ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń já gbà. Ó lè ti máa bọ̀ wá bá yín lọ́nà, kó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kò rí i. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì ń rẹ́rìn-ín gba yín nímọ̀ràn, ẹ rántí pé ọwọ́ tiyín ni wọ́n máa ní kí ẹ fọ̀. Waheedat, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, nítorí tìrẹ, nítorí bàbá rẹ tó gbé ẹ̀bi mi lọ sí sàréè, àti nítorí ajá tí kò gé mi jẹ. N kò ní kí o pè mí ní Màmá. Ìyàwó bàbá rẹ náà tó mi. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n ṣáà ti gbọ́ ohùn rẹ.